Ẹ̀rọ Ìtajà Nínú Oòrùn: Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Gbé E Sí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kan àpò gbogbo wa. Nínú àwọn nǹkan tí ọmọ ẹgbẹ́ ń torí rẹ̀ yá owó, fíríìjì onídígí àti fírísà tí a ń gbé sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kò kéré. Nísinsìnyí àwọn kan tún ti ń béèrè nípa ẹ̀rọ tó ń dá ọjà tà, èyí tí ènìyàn á sanwó sí tán, tí yóò sì ti ìgò omi tàbí mínírà jáde fúnra rẹ̀, láìsí ọmọ ọjà kankan nídìí rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìta ni gbogbo wọn ń gbé, oòrùn ló sì ni ìta.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ẹ̀rọ bá jóná kí a tó san owó rẹ̀ tán, ìyà náà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó yá owó nìkan. Àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún un wà níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ìyá tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́bàá títì, ra fíríìjì onídígí kan lóṣù kọkànlá. Kí oṣù kẹta tó parí, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jóná, owó oṣù mẹ́rìnlá sì ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì san. Oníṣẹ́ fíríìjì tó wá wò ó kò tilẹ̀ tíì tú u tó fi sọ ohun tó pa á: ojú rẹ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n sì kó páálí òfìfo jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan lọ́jọ́ tó dé. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló pa á. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró náà kò bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ mọ́ títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fíríìjì a máa ṣe òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ooru tó wà nínú rẹ̀ jáde síta, bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Gáàsì tó ń yí ká inú páìpù ló ń ru ooru náà, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló ń ti gáàsì ọ̀hún lọ, páìpù tó wà lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ni ooru sì ń gbà jáde sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi ń gbóná bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Kí ooru náà tó lè jáde, páìpù yẹn gbọ́dọ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, iṣẹ́ rọrùn. Bí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti gbóná bí ti ìdí ààrò, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ní láti fi agídí ti gáàsì náà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó sì sinmi á wá máa kùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òróró inú rẹ̀ á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, títí ọjọ́ kan á fi dákẹ́ pátápátá.

Báwo ni oòrùn ṣe lágbára tó? Oòrùn ọ̀sán gangan, bí kò bá sí kùrukùru, ń da agbára tó tó nǹkan bí 1,000 wáàtì sórí ibi tó bá fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Iye tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan ń fà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó dúró sínú oòrùn wá dà bí ẹni tí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tì lára, tí a sì tún ní kó máa mú omi tutù fún wa. Irin tí a kùn ní ọ̀dà dúdú lè gbóná kọjá dígírì 60 Sẹ́ńtígíréèdì nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀; ẹ kò ní lè gbọ́wọ́ lé e. Funfun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Bí ilé iṣẹ́ mínírà bá fún yín ní fíríìjì pupa nítorí ìpolówó ọjà wọn, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé nítorí ojú oníbàárà ni wọ́n ṣe kùn ún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. Dígí tún burú ju irin lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú dígí wọlé tààrà, ó ń di ooru lára ìgò, ooru náà kì í sì í rọ́nà jáde bí ó ṣe rọ́nà wọlé.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ wá ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Lórí fíríìjì àti fírísà ilé, lẹ́tà kan tàbí méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Bí ó bá jẹ́ SN tàbí N, a ṣe é fún ibi tí ooru kò ju dígírì 32 lọ. ST dúró fún 38. T dúró fún 43, òun sì ni tiwa. Àwọn onídígí ti ilé ìtajà a máa ní nọ́ńbà dípò lẹ́tà: 3 jẹ́ ti dígírì 25, 4 jẹ́ ti 30, 5 jẹ́ ti 40. Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí wé ilé. Ní Ìbàdàn, lóṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sán a máa tó dígírì 34 tàbí 35, lábẹ́ ibòòji o. Ẹ̀rọ N ti kọjá agbára rẹ̀ kí oòrùn tó tilẹ̀ kàn án. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ olótùútù wá, òtútù ilé wọn ni wọ́n ṣe é fún. (Ìjọba ti fi òfin de kíkó àlòkù fíríìjì wọ orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lọ́jà.) Ẹni tó bá ra N nítorí pé owó rẹ̀ dín, tó wá gbé e síta, ó ti ra ìjàngbọ̀n.

Ìhà wo wá ni ká gbé e sí? Níbí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá dúró tí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ òsì yín ni àríwá, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù. Nílẹ̀ Yorùbá, oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àtàrí, nítorí náà òrùlé ẹ̀rọ ló ń jẹ ìyà ọ̀sán. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni oòrùn ń rẹlẹ̀ tó fi ń gba ojú àti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ti àárọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣì tutù. Ti ìrọ̀lẹ́ ni apani. Láti bí agogo méjì sí márùn-ún, afẹ́fẹ́ ti gbóná tán, ògiri ti mu ooru yó, òòró gangan sì ni oòrùn ń wọ inú dígí tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá ní ibòmíràn, ẹ má ṣe kọ ojú ẹ̀rọ síbẹ̀.

Ibi tó dára jù ni ìdí ògiri ilé tó wà ní ìhà àríwá. Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán máa ń yẹ̀ sí ìhà gúúsù orí wa. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wà nínú ìgbà yẹn. Ilé fúnra rẹ̀ á wá máa ṣíji bo ẹ̀rọ náà ní àwọn oṣù tí ooru mú jù. Nígbà tí oòrùn bá padà sí ìhà àríwá láti oṣù kẹrin lọ, òjò ti ń dé, kùrukùru sì ń bá wa dí i lójú. Ìhà ìlà-oòrùn ilé ló ṣìkejì, nítorí bí ọ̀sán bá ti yẹ̀, ibòòji ilé á bo ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ìhà gúúsù lọ kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù, ìbòrí tirẹ̀ ni yóò gùn. Fún ẹ̀rọ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ìbòrí sì wà ní kété òkè rẹ̀, ìbòrí ìhà gúúsù ní láti yọ síwájú tó ẹsẹ̀ bàtà 4 kí oòrùn ọ̀sán oṣù kejìlá má bàa kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níhà àríwá, ẹsẹ̀ bàtà 2 tó fún oòrùn ọ̀sán oṣù kẹfà. Bí òrùlé bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó yọ síwájú sí i.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní títì ló ń sọ ibi tí ọjà á kọjú sí, kì í ṣe oòrùn. Òótọ́ ni. Oníbàárà kò ní yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé torí pé ibẹ̀ tutù. Bí títì bá wà ní ìwọ̀-oòrùn yín, ẹ lè yí ẹ̀rọ náà kó fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí títì, kí dígí rẹ̀ kọ sí àríwá, kí ẹ wá kọ orúkọ ọjà gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì. Tàbí kí ẹ fi ọparun lílà tàbí ẹní ṣe ìdábùú tí ẹ ó máa sọ kalẹ̀ láti agogo méjì títí oòrùn á fi rọ̀, kó jìnnà sí ẹ̀rọ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kí oníbàárà lè rí ọ̀nà wọlé. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan tí a mọ̀ ń lo ẹní bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ́, wọ́n sì ń ra ìkejì.

Ìbòrí tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Páànù lásán tí a kàn mọ́ orí ẹ̀rọ kì í ṣe ìbòrí, ìdẹ̀kùn ni. Páànù á gbóná, á sì máa da ooru náà sísàlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín páànù àti orí ẹ̀rọ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá lè fi sílíìnì tàbí pákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó dára sí i. Ẹni tó bá ń ronú àtira páńẹ́ẹ̀lì sólà, ẹ gbé e sí òkè ẹ̀rọ gan-an gẹ́gẹ́ bí òrùlé kejì; òjìji rẹ̀ á wúlò bí iná rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sáà ń gba abẹ́ rẹ̀. Igi náà dára. Àwọn bàbá wa tó gbin odán sí ọjà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí ẹ kàn rántí pé ewé àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń dí ojú ihò tí ẹ̀rọ ń gbà mí, ẹ̀ka gbígbẹ sì ń já lọ́jọ́ ìjì.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó íǹṣì 4 sí 6, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìkó páálí, kéréètì tàbí ìgbálẹ̀ sí. Àwa tí a ń ṣe àgò irin sí i nítorí olè, ẹ ṣe é kó fẹ̀, kí irin rẹ̀ jìnnà síra, kí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí. Àgò tí a fi páànù ká yíká dà bí ààrò: ooru tí ẹ̀rọ tú jáde ló tún ń fà padà sínú, títí ibẹ̀ á fi gbóná kọjá 43 tí a fi T ṣe ìwọ̀n fún. Tápólì náà nìyẹn. Bí òjò bá dé, àwọn kan á sáré fi tápólì dì í bí òkú, ẹ̀rọ á sì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ kọ́kọ́ pa á. Bí kò bá ṣeé pa, ẹ ta tápólì náà bí àtíbàbà sókè rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? A ti rí i tí wọ́n gbé e sí ìdí fíríìjì, tí ihò èéfín rẹ̀ kọ sí páìpù ẹ̀yìn. Epo bẹntiróòlù tí owó rẹ̀ ti fò sókè láti ọdún 2023 ni wọ́n ń sun láti fi mú omi tutù, èéfín epo náà tún ń mú un gbóná padà. Ẹ gbé e jìnnà, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, tàbí sọ́dọ̀ ènìyàn, nítorí èéfín náà a máa pani. Ẹ tún ra sítébíláísà tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó jẹ́ kí iná wọlé. Iná tó bá lọ tó sì dé lójijì ń bá kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lábẹ́ ẹrù gáàsì, kò ní lè gbéra, á kàn máa gbóná. Iná tí kò lágbára tó ń ṣe irú ìpalára kan náà. Bí ẹ bá fi ti oòrùn kún un, kò sí ẹ̀rọ tó lè là á já.

Ẹ̀rọ tó ń dá ọjà tà kì í ṣe nǹkan tuntun láyé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hero ní Alexandria, nílẹ̀ Íjíbítì, ti kọ nípa ọ̀kan ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn: bí o bá ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, á bu omi mímọ́ díẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jàpáànù ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní ọdún 2000, àwọn ẹ̀rọ ìtajà tó wà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 5 lọ, ìta títì ni púpọ̀ nínú wọn dúró sí, ooru oṣù keje àti ikẹjọ wọn kì í sì í ṣe eré. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ní èyí tó ń mú ọjà tutù gan-an láàárọ̀, tí á sì dá òtútù dúró láti agogo kan sí mẹ́rin ọ̀sán nígbà ooru, nítorí àkókò yẹn ni gbogbo ìlú ń fa iná jù. Ní 2013 wọ́n tún mú òmíràn jáde tó ń ṣiṣẹ́ òtútù rẹ̀ lóru, tó sì lè wà fún wákàtí 16 lójú mọmọ láìtún mú nǹkan tutù, ọjà inú rẹ̀ á sì ṣì tutù. Ara rẹ̀ nípọn, ìgò inú rẹ̀ sì ń pa òtútù mọ́.

Ẹ̀kọ́ wa wà nínú ìyẹn, àgàgà níbi tí iná ìjọba ti ń wá lóru. Ẹ kó ọjà sínú ẹ̀rọ lálẹ́ kí ó kún dáadáa, kí òru fi mú un tutù. Ẹ̀rọ tó kún fún ìgò tútù á pa òtútù mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ má ṣe kó kéréètì gbígbóná sínú rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn: ẹ fi bébà náírà há a, bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìní ìdíwọ́, rọ́bà ti kú, òtútù yín ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Lóṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn Band A kọjá 200 náírà fún yúnìtì kan, nítorí náà òtútù tó ń jáde yẹn ti di owó gidi.

Ọjà tí a kò tíì kó sínú ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sùn sínú oòrùn. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa omi inú ike àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ń tẹ́ sínú oòrùn. Ooru ń fẹ afẹ́fẹ́ inú ìgò mínírà, ìgò lè bú. Ẹni tó bá fẹ́ ta ṣokoléètì nínú ẹ̀rọ tí kò ní òtútù, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀: ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 34, ìyẹn ooru ọ̀sán oṣù kẹta wa gan-an. Àwa ọmọ àgbẹ̀ kòkó ló yẹ kó mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ.

Àwọn ẹ̀rọ ìtajà tuntun tún ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n tí à ń tẹ̀ láti yan ọjà. Bí oòrùn bá ń kọlù ú tààrà, ó máa ń ṣókùnkùn, oníbàárà á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ ṣíji bo ojú yẹn ju gbogbo ara yòókù lọ. Ní ti owó, owó ẹyọ kò sí mọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n ṣe jáde ní 2007 kò rìn lọ títí. Káàdì àti tíráńsífà ni ẹ̀rọ ń gbà, nítorí náà ẹ yẹ nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ wò lọ́sàn-án kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ilẹ̀ náà nìyẹn: pèpéle sìmẹ́ǹtì tó ga tó íǹṣì 6, kí àgbàrá má bàa wọ ìdí rẹ̀, kí wáyà ilẹ̀ sì wà fún iná tó bá jò. Nígbà ọyẹ́, eruku á di ojú páìpù bí aṣọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ pa iná ná. Alángbá àti èèrà fẹ́ràn ìdí ibẹ̀ nítorí ooru rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó yíyá wò fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù: níbo ni ẹ̀rọ yìí máa dúró sí, kí sì ni lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀? Onídùúró pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti lọ fojú ara rẹ̀ rí i kó tó fọwọ́ sí i. A ó gbé èyí wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí a wá bá òun wo ibi tí ó fẹ́ gbé tirẹ̀ sí, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ó máa wá, nítorí ìgbà yẹn ni oòrùn á fi ibi tó ń wọlé gbà hàn wá, kí onílé jọ̀wọ́ palẹ̀ páálí ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ dè wá.